Orúkọ Ẹni Tó Wà Lókè

Ìgbà kẹrin tí Larissa wo fídíò náà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, ó ju fóònù sórí tábìlì ìránṣọ, agolo abẹ́rẹ́ sì dà sílẹ̀ yàà.

"Ọ̀gbẹ́ni!" ló pariwo. "Wọ́n tún pè mí ní ọ̀gbẹ́ni!"

Kò sí ẹlòmíì nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Sùtánà funfun mẹ́fà tó ń rán fún àwọn ará ìjọ ní Sakété ló fi kọ́ ara ògiri, àwọn ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí inú bá ń bí Larissa, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tó máa gbọ́.

Ẹ má sì dá a lẹ́bi. Ọdún kan gbáko ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ìyẹ́ kan tó fi ń fò. Báàṣì aláwọ̀ aró ni, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀ akẹ́rù. Ó nà án lé ọparun, ó sì ń so ara rẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Fabrice, tó ń fi alùpùpù gbé èrò ní Pobè, ló máa ń so okùn mọ́ ọn, tó ń sáré fà á lójú ọ̀nà erùpẹ̀ pupa tó wà lẹ́yìn Issaba. Bí ìyẹ́ náà bá ti gbéra, Larissa á tú okùn náà, ó di òun àti afẹ́fẹ́. Ibi tó bá fi ara sí ni ìyẹ́ ń yí sí. Àwòdì ni wọ́n sọ ọ́.

Àríyọ̀ ló ń ya fídíò rẹ̀. Ọmọ Issaba ni, ó ń tún fóònù ṣe ní Pobè, òun ló sì dá ojú-ìwé Àwòdì Pobè sílẹ̀, níbi tó ti ń pín àwọn fọ́tò àti fídíò náà fún gbogbo ayé. Fídíò mọ́kànlélógójì ti wà níbẹ̀. Nínú gbogbo wọn, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí orúkọ Larissa wà. "Àwòdì tún gbéra lónìí," ohun tí Àríyọ̀ máa ń kọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n rí i kó balẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti kù díẹ̀, fídíò á gé. Ojú Larissa ò sì hàn lábẹ́ akoto tó ń dé sórí. Ìyẹn ló jẹ́ kí ará Kútọnu kan kọ ọ́ lálẹ́ àná pé, "Ẹ bá mi kí ọ̀gbẹ́ni yìí o, ọkùnrin gidi ni." Ẹ sì mọ ohun tí Àríyọ̀ fi dá a lóhùn? "Ẹ ṣé o."

Ẹ ṣé kẹ̀!

Èyí tó dùn ún jù kì í ṣe ti ará Kútọnu. Ti ìyá rẹ̀ ni. Wọ́n ti fi fídíò náà han ìyá náà ní Ita-Djèbou, ó sì káàánú ẹni tó bí irú ọmọkùnrin olórí kunkun bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Larissa sọ fún un pé, "Màmá, èmi ni," ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ kọ́. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, wọn ì bá pe orúkọ rẹ."

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló fẹ́ tún fò. Lónìí, orúkọ òun gbọ́dọ̀ wà nínú fídíò náà, kí ìyá òun sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kó tó rántí pé abẹ́rẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Ó fi wọ́n síbẹ̀, ó ní kí Fabrice gbé òun lọ sí Pobè.

Ó bá Àríyọ̀ níbi tó tẹ̀ ba fóònù kan tó ti tú palẹ̀. Kò kí i.

"Kọ orúkọ mi síbẹ̀."

Àríyọ̀ ò gbójú sókè. "N ò lè kọ ọ́."

"O ò lè kọ ọ́, àbí o ò fẹ́ kọ ọ́?"

"Tó o bá wà lókè, n ò lè pe orúkọ rẹ."

"Ṣé òkè ni mo wà báyìí, Àríyọ̀? Ṣé orí àjà ni mo dúró sí?"

"Nínú fídíò, òkè lo wà."

Larissa wo Fabrice bóyá òun nìkan ló gbọ́ ọ. Fabrice ń wo táyà alùpùpù rẹ̀.

Àríyọ̀ wá gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ilé akọ̀pẹ ni wọ́n bí mi sí," ló wí. "Ní ilé wa, ẹni tó bá wà lórí ọ̀pẹ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ò gbọdọ̀ pè é, ọmọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ pè é. Kódà bí ilé bá ń jóná, wọn á dúró dè é kó sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè á wẹ̀yìn, ẹni tó bá sì wẹ̀yìn lórí igbà tó fi gun ọ̀pẹ..." Kò parí rẹ̀. "Ìwọ náà wá wò ó. Ìgbàkígbà tí èèyàn bá ṣí fídíò yẹn, níbikíbi tó bá wà, orí afẹ́fẹ́ ló ti ń bá ọ. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún èèyàn ló ń wò ó. Kí gbogbo wọn wá máa pè ọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́? Èmi ò lè ṣe é."

Larissa bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń dunni. "Ẹ gbà mí o! Ẹni tó ń tú fóònù lójoojúmọ́, tó ń rí wáyà inú rẹ̀, òun ló rò pé èèyàn wà níbẹ̀!"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Irọ́ lò ń pa. O fẹ́ kí wọ́n rò pé ìwọ lò ń fò ni. Ìlara ló ń bá ọ jà, o wá lọ fi ọ̀pẹ bàbá rẹ bojú."

Nígbà náà ni Àríyọ̀ gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi," ló wí.

"Mo ti jáde. Má sì wá sí Issaba lónìí. Mi ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ rẹ níbẹ̀."

Ó ti gun ẹ̀yìn alùpùpù kó tó gbọ́ ohùn Àríyọ̀ lẹ́yìn: "Má jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ o!" Ó pòṣé, ó ní kí Fabrice wa alùpùpù lọ.

Valentin ló lọ bá. Ayàwòrán ìgbéyàwó ni Valentin, ọ̀yàyà pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí nǹkan míì. Kí Larissa tó ṣàlàyé tán, ó ti gbà. Ó ní òun á ya fídíò tí Àríyọ̀ ò lè yà láyé, òun á gbé e síta kí oòrùn tó wọ̀, orúkọ Larissa ni yóò sì kọ́kọ́ wà níbẹ̀.

Nígbà tó máa fi di agogo márùn-ún, bí ogójì èèyàn ti dúró sí etí oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè. Ọyẹ́ ti sọ ojú ọ̀run di eérú, ètè gbogbo èèyàn gbẹ. Larissa so ara rẹ̀ mọ́ ìyẹ́, ó sì yíjú sí wọn.

"Bí mo bá ti tú okùn, orúkọ mi ni kí ẹ máa pè! Larissa! Kí wọ́n gbọ́ ọ dé Ita-Djèbou!"

"Larissa!" ni wọ́n fi dá a lóhùn.

"Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni?"

"LARISSA!"

Akọ̀pẹ méjì tó ń ti oko bọ̀, tí igbà wà léjìká wọn, dúró díẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ń kọ́ àwọn èèyàn náà. Èyí tó dàgbà nínú wọn mi orí. Wọ́n bá tiwọn lọ. "Ẹ lọ re," Larissa sọ lẹ́nu kékeré, "ẹ kí Àríyọ̀."

Fabrice fi alùpùpù sáré. Okùn le, ẹsẹ̀ Larissa ń gbá ilẹ̀, lẹ́yìn náà kò gbá nǹkan kan mọ́. Oko náà ń kéré sí i nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó tú okùn.

Gbogbo ìgbà tó ti ń fò, ìdákẹ́jẹ́ ló máa ń bá níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lára báàṣì nìkan. Lónìí, orúkọ rẹ̀ ló ń gòkè bọ̀. Larissa! Larissa! Ó dùn mọ́ ọn débi pé ó sunkún lábẹ́ akoto. Ẹni tí wọ́n ti fi ọdún kan gbáko pè ní ọ̀gbẹ́ni, ẹ jẹ́ kó sunkún.

Ohùn kan wá yàtọ̀ láàárín gbogbo wọn, ó dún ketekete láti apá òsì. "Larissa! Larissa!" Ó fẹ́ mọ ẹni náà. Kò ronú sí i, ta ló ń ronú kó tó dáhùn orúkọ ara rẹ̀? Ó yí ọrùn. Ejìká tẹ̀lé ọrùn, ìbàdí tẹ̀lé ejìká, ìyẹ́ apá òsì sì dorí kodò. Àárín èrò ló ti rí aṣọ pupa Àríyọ̀, apá rẹ̀ méjèèjì wà lókè. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ ló rí.

Apá òsì rẹ̀ kán níbi méjì. Wọ́n ní orí ló yọ ọ́, pé bí kì í bá ṣe ebè tó rọ̀ ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ ní Pobè, nọ́ọ̀sì di apá náà, ó fún un lábẹ́rẹ́, ó sì ní kó sinmi ẹnu. Larissa ò sinmi ẹnu.

"Àríyọ̀ ni," ló ń sọ fún Fabrice tó dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. "Mo rí i. Mo ní kó má wá, ó wá. Òun ló pè mí láti apá òsì. Ó fẹ́ kí n já bọ́ kí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lè jóòótọ́. Ó fẹ́ kí n kú, Fabrice! Mo máa gbé e lọ bá àwọn ọlọ́pàá."

Valentin ló ń yọ jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó di fóònù rẹ̀ mú. Ó ti gbé fídíò náà síta, bó ṣe ṣèlérí. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ti wò ó.

"Gbé e wá," ni Larissa wí. "Ẹ̀rí ni mo fẹ́."

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di fóònù náà mú, ó sún un mọ́jú, ó ń wá aṣọ pupa. Ó rí i. Àríyọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń sáré láàárín èrò. Ó bo ẹnu ọkùnrin kan, ọkùnrin náà jáwọ́ rẹ̀ dànù. Ó bo ẹnu obìnrin kan, obìnrin náà gbá a létí. Ẹnìkan tì í, ó ṣubú, ó dìde, ó ká apá méjèèjì sókè, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́. Ẹnu tirẹ̀ wà ní pípadé pinpin.

Ohùn apá òsì náà wá dún. Nítòsí fóònù gan-an ló ti jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di Larissa létí. "Larissa! Larissa! Wo ibí! Wo kámẹ́rà!"

Valentin ni. Bó ṣe ń pe àwọn ìyàwó tuntun nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n lè kọjú sí i.

"Àṣà iṣẹ́ ni," Valentin ń sọ láti ẹnu ọ̀nà, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. "Mi ò rò ó. Mo fẹ́ kí ojú rẹ hàn ni."

Larissa ṣì ń wo fóònù. Nínú fóònù, ìyẹ́ ti dorí kodò, àwọn èèyàn ń ké, ẹni kan ṣoṣo sì ti ń sáré, kò ké, kò pe ẹnikẹ́ni. Ìyẹ́ náà gbá ilẹ̀, eruku sọ. Ìgbà náà ni ohùn kan tó jáde, ó ti há: "Larissa! Larissa o! Larissa!"

Ó dá a padà sẹ́yìn, ó tún gbọ́ ọ. Ohùn Àríyọ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ìgbà mọ́kànlélógójì ló ti gbọ́ ọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ báyìí, kó tó tú ara rẹ̀ sílẹ̀ rárá, Àríyọ̀ á ti ki fóònù bọ àpò, á máa sáré bọ̀, á máa pè é. Ó ti rò láti ọjọ́ yìí pé ó ń kánjú kí wọ́n máa lọ sílé ni.

Lábẹ́ fídíò náà, wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀. Larissa. Larissa! Larissa, ojú wo lo fi wò wá! Tuntun ń jáde bó ṣe ń wò ó, látọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí, òun náà sì tún wà lókè níbẹ̀, ó fẹ́ wẹ̀yìn. Ó mọ̀ pé wáyà ló wà nínú fóònù. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ó sì da ojú fóònù náà dé sórí àyà rẹ̀.

"Valentin, gé e."

"Kí n gé kí ni?"

"Gbogbo ibi tí mo ti wà lókè. Ibi tí mo ti kan ilẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ nìyẹn! Eruku lásán ni, àti ohùn ọmọ yẹn."

"Òun ni kí o fi ránṣẹ́ sí ìyá mi."

Valentin gba fóònù rẹ̀, ó jáde, ó ń kùn. Larissa bi Fabrice níbi tí Àríyọ̀ wà.

"Ó wà níta láti ìgbà tí a ti gbé ọ dé. Ó ní o ò fẹ́ rí ẹsẹ̀ òun."

Fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Larissa ní kí Fabrice gbé òun sókè díẹ̀, ó sì na ọrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dùn ún dé egungun. Àríyọ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, eruku oko ṣì wà lórí rẹ̀. Larissa la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ Àríyọ̀. Méjèèjì wà nílẹ̀.

"Àríyọ̀," ló pè.