Ẹ Já Gbogbo Èrò Sílẹ̀

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Dẹ́rẹ́bà tún tẹ bíréèkì. Bẹ́ẹ̀, inú omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ló wà.

Kò sí bíréèkì nínú omi, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tẹ bíréèkì bọ́ọ̀sì ńlá kì í béèrè ibi tó wà kó tó tẹ nǹkan. Ẹsẹ̀ náà le gbagidi, ó wálẹ̀. Ìdí tẹ̀ lé ẹsẹ̀, ikùn tẹ̀ lé ìdí, ló bá ku orí nìkan lókè omi, tó ń ṣẹ́jú pàkòpàkò bí iná ọkọ̀ tó fẹ́ yà sọ́tùn-ún. Ó sáré di etí omi mú.

"Bàbá," ni Tíṣà wí, "ta lẹ dúró dè?"

Ọmọbìnrin náà ò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Àbíkẹ́yìn Dẹ́rẹ́bà jù ú lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n fèrè wà lọ́rùn rẹ̀, ẹni tí fèrè bá sì wà lọ́rùn rẹ̀ lọ̀gá.

"Nǹkan kan ló ré kọjá níwájú mi."

Tíṣà wo iwájú rẹ̀. Ewé kan ni. Ó léfòó, ó ń lọ jẹ́jẹ́ tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín lódìkejì. Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà ni, agbẹ̀bí ni kó tó fẹ̀yìntì, òun ló sì ní kí àwọn méjèèjì wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ kí jíjókòó má baà sọ wọ́n di àga. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti na gbalaja sórí omi bí ẹni tó jẹun ọ̀sán yó. Dẹ́rẹ́bà ní tirẹ̀, nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn pàápàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láàárọ̀ yìí, ìgbà mọ́kànlá ló fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bọ́ọ̀sì bí ẹni tó ń tẹ bíréèkì. Ìyá Ìbejì kà á.

"Ẹ rọra o," ó ní, "àwọn èèyàn á rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ gbé wọkọ̀."

Òní sì ni kíláàsì parí. Ẹni tó bá lè ti etí kan dé èkejì láì di nǹkan mú, á bọ́ sí kíláàsì Ọjọ́bọ̀, níbi tí omi ti jìn. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, á tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ìyá Ìbejì ti di èrò Ọjọ́bọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Kì í ṣe ìtìjú ló ń dun Dẹ́rẹ́bà. Ẹni tí ọkọ̀ ti kú mọ́ lọ́wọ́ lójú títì, ìtìjú wo ló kù? Ohun tó ń dùn ún ni pé fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, bí Ìyá Ìbejì bá ń ti iṣẹ́ òru dé, òun á máa jáde lọ gbé bọ́ọ̀sì. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń kíra, bí ọkọ̀ méjì tó tanná síra wọn tí wọ́n sì kọjá lọ. Ní báyìí tí ilé wá pa wọ́n pọ̀, ṣé Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ló tún fẹ́ pín wọn níyà?

Ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ẹsẹ̀ dúró fún ewé. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ Dẹ́rẹ́bà, ara ò rọ Tíṣà.

Níkẹyìn, Tíṣà bọ́ sínú omi, ó dúró tì í.

"Bàbá, mo ti rí i. Èrò yín ló pọ̀ jù. Ẹ já gbogbo èrò sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra."

Ohun tó wà lọ́kàn ni Tíṣà ń sọ. Ẹlòmíràn ì bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ ọ̀rọ̀ èrò fún awakọ̀?

"Gbogbo wọn?" ni Dẹ́rẹ́bà béèrè.

"Gbogbo wọn."

"Ibo ni kí n já wọn sí?"

Tíṣà rò pé ó ń ṣàpárá ni. Ó fọwọ́ gbá etí omi. "Ibí náà. Kò sẹ́ni tó máa jí wọn."

Dẹ́rẹ́bà dijú. Ó ṣílẹ̀kùn bọ́ọ̀sì.

Àwọn ọmọ iléèwé ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, tariwo-tariwo. Obìnrin kan tẹ̀ lé wọn, ẹni tó máa ń ní kó rọra láràárọ̀ nítorí oyún tó wà nínú òun. Ọdún mẹ́ta gbáko loyún náà fi wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá tó máa ń gborí lé gíláàsì sùn, tó bá sì jí, ohun kan náà ló ń béèrè: "Ṣé a ti kọjá ibẹ̀?" Òun náà sọ̀ kalẹ̀, ó ń nu itọ́ ẹnu rẹ̀. Wọ́n ń sọ̀, wọ́n ń sọ̀. Dẹ́rẹ́bà ò mọ̀ pé gbogbo wọn ṣì wà níbẹ̀, tí ẹ̀mí wọn sì rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ó wo dígí. Àga ṣófo títí dé ẹ̀yìn. Ó wá ku ẹnìkan péré lórí àga awakọ̀.

Òun náà sọ̀ kalẹ̀.

Ó fẹsẹ̀ ti ògiri. Omi gbé e. Ewé náà kọjá, ó fara kàn án létí, Dẹ́rẹ́bà ò dá a lóhùn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tẹ̀ lé òsì, òsì ń tẹ̀ lé ọ̀tún, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan nǹkan líle. Ó rò pé ó ti kọ lu ẹnìkan. Ó gbójú sókè. Etí omi ni, àti ẹsẹ̀ Ìyá Ìbejì tó ń jù dìrọ̀dìrọ̀.

"Ẹ mà pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé," ni ìyá náà wí. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ó lóun ò mọ̀ pé oògùn omi náà ń ta ni lójú tó bẹ́ẹ̀.

"Èrò ló pọ̀ lọ́nà."

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn relé, awakọ̀ kan ré wọn kọjá lójijì. Bíréèkì ké, gbogbo èèyàn dà síwájú. Ìyá Ìbejì bojú wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ kó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò rí nǹkan kà.

Ó pẹ́ kí Dẹ́rẹ́bà tó gbórí kúrò lára gíláàsì.

"Ṣé a ti kọjá ibẹ̀?" Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó sì mọ ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ó ti tó ibùdókọ̀ méjì," ni Ìyá Ìbejì fèsì. Kò dìde.

Dẹ́rẹ́bà náà ò dìde. Ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, bí ẹsẹ̀ èrò.