Kí Ebi Lè Pa Mí

Láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ mi ni oúnjẹ ti dà bí páálí lẹ́nu mi. Màá gbé ṣíbí sókè, màá tún dá a padà sínú àwo. Nígbà tí wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọkàn mi fúyẹ́. Ọdọọdún lèmi àti ọkọ mi máa ń gbà á pọ̀. N kò ní jẹ́ kí ó já mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti ń gbé lọ́dọ̀ mi láti ìgbà ìsìnkú, ń ṣa ìrẹsì nígbà tí mo sọ fún un. Kò gbójú sókè.

"Ìwọ? Ààwẹ̀? Eku inú ilé yìí ń jẹun jù ẹ́ lọ."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi, ohun tí kò wù ẹ́ lo fẹ́ gbé fún Ọlọ́run? Ebi ò pa ẹ́. Ìbànújẹ́ ló ń gbààwẹ̀, kì í ṣe ìwọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun. Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó sí apá ibi tí ọkọ mi máa ń sùn. Mo fẹ́ bínú, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Ní ọjọ́ ààwẹ̀, àárọ̀ kùtù ni ọkọ mi ti máa ń béèrè ohun tí a ó jẹ lálẹ́. Oúnjẹ wù ú gan-an, ó sì ń fi í sílẹ̀. Ọrẹ rẹ̀ nìyẹn.

Oúnjẹ gbọ́dọ̀ tún wù mí kí ààwẹ̀ tó dé. Mo jáde tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ ní ilé ìdáná.

"Ẹ bu oúnjẹ fún mi."

"Kí ó tó báwo?"

"Ẹ bù ú bí ẹni ń bù fún alágbàṣe."

Kò rọrùn. Mo ń jẹun bí ẹni ń lo oògùn. Mo fi omi ti ẹ̀wà lọ. Mo sunkún sínú ọbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní iyọ̀ inú rẹ̀ ti tó, kí n má wulẹ̀ fi kún un. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, mo gbé búrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí mo bá ti rán apá ẹ̀wù kan tán, ó di dandan kí n bu búrẹ́dì náà jẹ kí n tó mú ìkejì.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. N kò jẹun láàárọ̀, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí. Mo ń rán kọ́là ẹ̀wù kan, mo ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀: "Olúwa, jẹ́ kí ebi pa mí."

Nígbà tí oòrùn mú, ẹnì kan dín ẹyin ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Òórùn àlùbọ́sà gba ojú fèrèsé wọlé. Itọ́ kún ẹnu mi, mo gbé e mì, mo kọjú sí fèrèsé. Obìnrin tó wá gba ẹ̀wù rẹ̀ wò mí.

"Ìyá aránṣọ, ẹ lọ jẹun ná. Mo lè dúró."

"Ẹ ṣeun, mà. Ó di ìrọ̀lẹ́." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

"Kí ló dé tí ẹ ń rẹ́rìn-ín?"

"Ebi ló ń pa mí," ni mo wí.

Nígbà tí ó lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ láàárín àgékù aṣọ. Ó wù mí kí n jẹ. Ó wù mí gidigidi. Mo ní, "Olúwa, ohun tí mo mú wá rèé."

Mo dìde, mo fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ṣì jìnnà.