Ìrẹsì Yéjídé

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí n kò rí owó ẹgbẹ́ san. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ oníke ti lé Akínwùmí ọkọ mi, maṣíìnì ìránṣọ mi nìkan ló ń bọ́ wa. Nínú ẹgbẹ́ ayáwó wa ní Okokomaiko, obìnrin márùn-ún ló ń ṣe onídùúró fún ara wọn. Bí ẹnì kan kò bá san, àwa yòókù á lọ jókòó sílé rẹ̀, a ó sì kó ohun tó bá ní.

Ìyá Alága pè mí.

"Sàmíát, maṣíìnì rẹ ló kàn. Àmọ́ tí o bá bá wa lọ gba gbèsè nílé Yéjídé ní Ìbà lónìí, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì jì ẹ́. Ní kí ọkọ rẹ gbé ọmọlanke wá, a máa fún un ní nǹkan."

Mo gbà.

Yéjídé kò bá wa jà. Ọmọ rẹ̀ ń sùn lórí fóòmù, ìrẹsì wà lórí sítóòfù. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Fúráìdè ni wọ́n máa sanwó fún ọkọ mi."

"Fúráìdè tó ti ń bọ̀ láti oṣù kẹta!" Ìyá Alága bú sẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ni?"

Ó ṣí ìkòkò, ó bu ìrẹsì fún gbogbo wọn bí ẹni pé òun ló sè é. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Ọ̀kan fi aṣọ ọmọ tó wà lórí okùn nu epo ẹnu rẹ̀.

"Sàmíát, fa fóòmù yẹn."

Mo gbé ọmọ náà sórí sìmẹ́ńtì. Kò jí. Mo gbé fóòmù jáde, ìtọ̀ ọmọ sì kàn mí láyà.

Akínwùmí jókòó sórí ọmọlanke, ó ń fa ẹran ya. Ẹran kan ṣoṣo tó wà nínú ìkòkò ni, wọ́n ti gbé e fún un síta.

"Ó dùn o," ó ní, ó ń lá ìka. "Ìwọ ò jẹ ni?"

Ọkùnrin tí kì í bu omi mu nílé onílé! Pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò bínú. Pé a jẹ gbèsè, n kò bínú. Ṣùgbọ́n epo ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Èébì gbé mi, mo bì í sí gọ́tà. Bí mo ti ń nu ẹnu, mo wo ọwọ́ mi. Òun jẹ ẹran. Èmi ni mo fa ibùsùn lábẹ́ ọmọ tó ń sùn.

Mo gbé fóòmù padà wọlé, mo tẹ́ ẹ, mo gbé ọmọ náà lé e.

"Ṣé orí rẹ pé?" Ìyá Alága jágbe.

"Ẹ lọ kó maṣíìnì mi, mà. Kọ́kọ́rọ́ yàrá wa rèé."

"Sàmíát!" Akínwùmí ké láti ìta. "Kí la fẹ́ máa jẹ?"

Ìyá Alága mú kọ́kọ́rọ́, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó ní kí ọkọ mi yí ọmọlanke sí ọ̀nà ilé wa.

Akínwùmí kọ́kọ́ béèrè bóyá wọn ò ní yọ nínú owó ọmọlanke rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yí ọmọlanke náà.