Bí Fọláyẹmí Ṣe Lọ Mú Ìyá Rẹ̀ Bọ̀

Ọdún kẹta rèé tí eérú ti bo ojú ọ̀run, tí Ìlá Ọ̀ràngún di ahoro, tí ewúrẹ́ ń sùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí àrùn eérú fẹ́ pa nígbà náà, abẹ́ òkè kan ní Òkè-Ìlá ni wọ́n tẹ́ wọn sí, nínú ihò tútù tí ẹ̀rọ kan ń ṣọ́. Wọn ò kú, wọn ò yè. Ìyá ni wúrà, a máa ń wí bẹ́ẹ̀. Inú ihò ni wúrà ti Fọláyẹmí wà, Màmá Ọ̀ṣuntóyìn, ọmọ náà kò sì ní ẹlòmíràn láyé mọ́.

Nígbà tí òòrùn tún ràn, ó fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Ó bẹ ẹ̀rọ náà títí, ó sunkún, ó kọ orin tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà èwe. Ẹ má bi mí bí irin ṣe ń ṣàánú. Ó ṣàánú.

"Màá jí i, á sì máa tẹ̀lé ọ lẹ́yìn," ni ẹ̀rọ wí. "De àtùpà yìí mọ́ iwájú orí rẹ, òun ló ń ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá kan ìyá rẹ kí òòrùn tó kàn án, ó tán nìyẹn, kò ní jí mọ́ láé. Iwájú ni kó o máa wò. Sọ fún un kó má pè ọ́."

Ta ló fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, pé kó panu mọ́? Olùkọ́ ni Fọláyẹmí, ó kàwé, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò gbà á. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa tẹ̀lé mi" nìkan ló lè sọ. Ìtìjú òmùgọ̀!

Wọ́n ń gòkè. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ilẹ̀kùn kìíní ṣí, ìkejì ṣí. Ó ku ẹyọ kan, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ni ìyá rẹ̀ pè.

Kò sí ẹni tó ti pè é ní oríkì láti ọdún mẹ́ta. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ọmọ kì í kọ̀yìn sí àgbà dáhùn. Kó tó mọ̀, ó ti yíjú padà, ó ti kúnlẹ̀, ó ti dáhùn: "Mà."

Àtùpà tàn sójú ìyá rẹ̀. Fọláyẹmí fi ọwọ́ méjèèjì bo àtùpà náà, ó ti pẹ́ jù. Màmá Ọ̀ṣuntóyìn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó nawọ́ láti fi kàn án lórí.

"O káre," ló wí. "Ọmọ tí mo tọ́ dáadáa."

Ọwọ́ náà kò dé orí rẹ̀.