Kírénì àti Àpò Iyanrìn

Lọ́jọ́ tí ọmọ wa obìnrin fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ wá sílé, ara mi ò balẹ̀ rárá. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ti àga kiri pálọ̀ bí ẹni ń lé adìyẹ. Àfi nínú fóònù, a ò tíì fojú kan ọmọ-ọmọ yìí rí! Ọkọ mi sì ti ṣèlérí fún un pé òun á gbé e sókè, gbogbo àdúgbò á rí i. Ìlérí yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kíkó ẹrù fún àwọn tó ń kó láti ilé kan lọ sí òmíràn. Kírénì, bí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù wúwo, ni wọ́n ń pè é, torí òun nìkan ló máa ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá a di apá kejì mú, á ní, "Fi sílẹ̀ jàre!" Bí mo bá sọ fún un pé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, á ní ẹni tó pa òwe yẹn ò tíì rí òun. Fìríìjì kan ló wá rí i. Nǹkan dún "pọ́" lẹ́yìn rẹ̀, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò lè dìde.

Obìnrin kékeré kan tó ń tọ́jú iṣan àti eegun ní ọsibítù ló gbà á. Dókítà Iṣan la sọ ọ́. Ó ní kí ọkọ mi dùbúlẹ̀, kó ká orúnkún, kó máa mí síta, kó sì rọra fún ikùn pọ̀ bí ẹni tí ọmọdé fẹ́ fi ìka gún níkùn. Kó wá gbé gìgísẹ̀ kan kúrò nílẹ̀, kó sọ ọ́ kalẹ̀, kó gbé èkejì.

"Ìyẹn nìkan?" ni ọkọ mi bèèrè.

"Ìyẹn náà ni, Bàbá. Ẹ má sé èémí o. Bí ìrora bá gba ẹsẹ̀ yín lọ, ẹ dúró, kẹ́ ẹ pè mí. Iṣan ikùn ló yẹ kó máa bá ẹ̀yìn gbẹ́rù. Tiyín ti sùn, ẹ̀yìn nìkan ló ń jìyà."

Kírénì rẹ́rìn-ín títí tá a fi délé. Eré ọmọ ìkókó nìyẹn lójú tiẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo gbọ́ tí ẹnì kan ń mí hìn-ìn, hìn-ìn nínú yàrá. Ọkùnrin náà ti ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń dùbúlẹ̀, ó ń ta gìrì dìde jókòó, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ẹ̀kọ́. Bí mo ṣe ń wò ó ló lọ sílẹ̀, kò sì lè dìde mọ́. Ẹkún ń gbọ̀n mí, ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé kí n lọ pe kírénì tòótọ́ wá gbé yín ni?"

Látọjọ́ náà ló ti gbọ́ràn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, a tẹ́ ẹní. Aránṣọ ni mí, ìdí ẹ̀rọ ti ba ìbàdí tèmi náà jẹ́, ni mo bá dùbúlẹ̀ tì í. Nígbà tó yá, Dókítà Iṣan ní kó máa gbé ohun tó fúyẹ́. Mo rán àpò kan, mo bu iyanrìn sí i, a sì ń fi kún un títí ó fi wúwo tó ọmọ-ọmọ wa, bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ. Kírénì á ká orúnkún, á fa àpò mọ́ àyà, á mí síta, á dìde. Ó tiẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀: "Pẹ̀lẹ́, ìyá mi." Dókítà Iṣan pàtẹ́wọ́ fún un, àmọ́ ó kìlọ̀ pé kó má tíì gbé ohunkóhun tó bá wúwo ju àpò náà lọ.

Bí mo ṣe ń ti àga kiri lọ́jọ́ náà ni mo gbọ́ pípáà! Ọkọ̀ ti dé! Àwọn tó ń bá ọkọ mi kẹ́rù ti pé jọ síta, wọ́n ń pariwo, "Kírénì! Kírénì!" Ọmọ wa sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ dúró sílẹ̀. Háà! Ọmọ náà ki pọ́pọ́! Ó mà ti jẹun gan-an lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n! Mo wo itan rẹ̀, mo rántí àpò wa, àyà mi já.

"Bàbá àgbà, ẹ gbé mi!"

Kírénì ká orúnkún, ó fa ọmọ náà mọ́ àyà. Àwọn èèyàn hó yèè. Ó mí síta, ó gbìyànjú díẹ̀, ó sì dúró lórí ìlóṣòó. Ó wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wá wò mí.

"Ìyá ọmọ mi," ló wí, "ẹrù yìí ju tèmi nìkan lọ. Wá bá mi di apá kejì mú."

Látìgbà tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí! Mo sáré débi pé bàtà mi kan bọ́ sílẹ̀. Mo lóṣòó sí apá kejì, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọmọ náà.

"Mí síta," ló sọ fún mi.

Mo mí síta, mo fún ikùn pọ̀, a sì dìde pa pọ̀. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín lókè, ó ní, "Ẹ tún gbé mi!" La bá sọ ọ́ kalẹ̀, la tún gbé e. Gbogbo àdúgbò sì rí i.