Ohun Tó Ń Yí Àntẹ́nà Ìyá Mọ́rìnọ́lá

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gun òrùlé Ìyá Mọ́rìnọ́lá lọ́jọ́ náà, inú sì ti ń bí mi. Ó di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ àntẹ́nà ní Ìsẹ́yìn, n kò rí èyí tó fojú mi gbolẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá kọ ojú rẹ̀ sí Ìbàdàn, àwòrán á mú kedere. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ mumi tán, á tún já sí wẹ́wẹ́, ohùn á dákẹ́. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ láàánú ju èyí lọ. Bó ti wù kó ṣe kurukuru tó, èèyàn á ṣì dá ojú ẹni mọ̀. Ti ìsinsìnyí, bí kò bá ti rí i mú, ó parí nìyẹn.

"Kàdírì, aago márùn-ún o." Ẹ̀ẹ̀keje tí Ìyá Mọ́rìnọ́lá máa sọ ọ́ rèé. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò ka ìròyìn Yorùbá láti Ìbàdàn ní aago márùn-ún, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Aago mẹ́rin àbọ̀ sì ti kọjá.

"Bàbá ńkọ́?" mo bi í.

"Ó ní òun ò wò. Àtìgbà tí Mọ́rìnọ́lá ti fi òfì sílẹ̀ ni kò ti bá a sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Ó ní wọ́n máa ń fún àwọn tó ń ka ìròyìn lórúkọ tó dùn lẹ́nu níbẹ̀, pé kò ní jẹ́ Àríyọ̀ tí í ṣe orúkọ ìdílé wa mọ́."

Mo pààrọ̀ wáyà. Mo pààrọ̀ orí wáyà. Mo bú dìkódà. Nígbà tí mo gun òrùlé lẹ́ẹ̀kẹrin, mo jókòó sórí páànù, mo kàn ń wo òpó àntẹ́nà tó ti ilẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wá sókè. Ojú mi báyìí ló ṣe rọra yí. Bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn kankan kò fẹ́.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo wo ìsàlẹ̀. Bàbá Mọ́rìnọ́lá wà lábẹ́ àtíbàbà, ó ń hun aṣọ. Òwú rẹ̀ nà la àgbàlá kọjá, ṣùgbọ́n n kò rí pátákó tí wọ́n máa ń di òkúta lé láti fi fa òwú le. Ìdí òpó àntẹ́nà ló we é mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá ká aṣọ tó ti hun, tó fa òwú, òpó á yí díẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń ba iṣẹ́ mi jẹ́."

"Ẹ̀yìn mi ò gbé òkúta mọ́." Kò wo ojú mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí òpó. "Ẹ jẹ́ ká tú u."

"Bó bá dẹ̀, yóò lọ́ mọ́ra. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo tú òwú náà, mo we é mọ́ ìbàdí ara mi, mo fẹsẹ̀ tilẹ̀, mo sì yí òpó títí Ìyá fi sọ láti inú ilé pé ó ti mú.

"Èmi ni òkúta yín lónìí," mo ní. "Ẹ wọlé."

Ó fọwọ́ kan òwú náà wò. "Má jẹ́ kó dẹ̀ o." Ó dìde, ó wọlé.

N kò rí ojú ọmọ náà. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ lójú fèrèsé: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èmi ni Mọ́rìnọ́lá Àríyọ̀."

Nígbà tí ìròyìn parí, Bàbá padà sídìí òfì. Ó mú ọ̀kọ̀ tó fi ń ju òwú sáàárín aṣọ lọ́wọ́, kò jù ú.

"Kàdírì, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Àríyọ̀ ló pè."

"Àríyọ̀ ni."

Ó fa etí aṣọ tó ń hun, aṣọ oníbàárà, ó fi nu ojú.