Ọwọ́ Eyínfúnjowó

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó lẹ́yìn. Ṣé kò fún mi jù?"

Ọmọge tó sọ̀rọ̀ náà dúró níwájú dígí, ó ń yí sọ́tùn-ún sósì nínú gáùn olómi aró kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́ọ̀bù. Òpéléńgé bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kó lè bá a fa etí gáùn náà wálẹ̀. Òun ló ń yan gbogbo aṣọ tí wọ́n ń tà ní Sọ́ọ̀bù Ọmọge. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ni ibẹ̀. Ó ti lanu láti sọ pé gáùn náà kò fún un kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sí ìránṣọ etí rẹ̀. Ó yí etí gáùn náà síta, ó sì gbé ojú sún mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ ni wọ́n fi rán an yí po bíi ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí òwú parí sí, ẹnì kan ti fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ dá a kọ́: ó gba òwú náà wọ inú ìṣẹ́po, ó gún un padà, ó sì lọ́ ọ di kókó kan tí kò ju ẹyin èèrà lọ.

"Àǹtí, ẹ ò dá mi lóhùn. Ṣé ó burú ni?"

"Kò burú rárá, ọmọ dáadáa. Ara rẹ ló gbà á bẹ́ẹ̀."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo ṣe fẹ́ràn ọ̀dọ̀ yín nìyẹn. Ẹ ń tà á lówó pọ́ọ́kú, ó sì rẹwà. Ìyá mi ní kò sẹ́ni tó lè ta irú aṣọ báyìí ní iye yìí láìjẹ́ pé ó rẹ́ ẹnì kan jẹ níbì kan. Mo ní ti yín yàtọ̀, pé ẹ mọ gbogbo ẹni tó ń rán aṣọ yín. Ta tiẹ̀ ló rán eléyìí?"

"Ẹnì kan tí mo mọ̀ ni," ni Òpéléńgé wí, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu òun.

Ìyá wọn ló ń dá òwú kọ́ bẹ́ẹ̀. Télọ̀ ni ìyá náà kó tó papò dà, yàrá iwájú ilé wọn tó kọjú sí títì ló sì ti ń ránṣọ. Bí Òpéléńgé bá di ojú, ó ṣì lè gbọ́ bí àwọn ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ṣe máa ń ró papọ̀ bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Ó lè gbọ́ òórùn aṣọ tútù lábẹ́ irin gbígbóná, àti òórùn òróró ẹ̀rọ tí kì í kúrò lọ́wọ́ ìyá wọn bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó. Nínú gbogbo ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó gba ibẹ̀ kọjá, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ́ ìdákọ́ yẹn yọrí. Àwọn tó kù ní iṣẹ́ àṣelékè ni. Ẹni yẹn ni ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Eyínfúnjowó, nítorí eyín rẹ̀ funfun báláú, kì í sì í fi í pamọ́. Òun ló máa ń pọn Òpéléńgé. Á gbé e sẹ́yìn, á jókòó ti ẹ̀rọ, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọmọ á sì máa mì títí oorun á fi gbé e lọ. Ìyá wọn á ké láti ìdí tábìlì pé, "Ìwọ ọmọ yìí, rọra o! Ṣé o fẹ́ rán ọmọ mi mọ́ búláòsì oníbúláòsì ni?" Gbogbo yàrá á bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà Eyínfúnjowó gba òmìnira, ó lọ, ayé sì gbé kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀.

Kì í ṣe pé Òpéléńgé fura sí nǹkan kan. Ayọ̀ pé òun lè rí Eyínfúnjowó ló mú un jáde ní ọjọ́ kejì, tó fi gáùn kan sínú báàgì, tó lọ sọ́dọ̀ agbaṣẹ́ tó ń bá wọn ránṣọ. Ó mọ gbọ̀ngàn agbaṣẹ́ náà. Ó ti débẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún un. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, fáànù ń fẹ́, àga tó dáa ni àwọn òṣìṣẹ́ ń jókòó lé. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ìdákọ́ náà hàn wọ́n, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó ń gé aṣọ ló fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àǹtí, gáùn yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tiwa. Iṣẹ́ ti pọ̀ ju agbára wa lọ, wọ́n ti ń gbé apá kan lọ síbòmíràn. Lókè ilé ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn ni. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín o."

Àtẹ̀gùn tóóró kan ló gòkè lọ síbẹ̀. Ilẹ̀kùn onírin ló wà lókè, wọ́n sì fi àgádágodo tì í láti ìta. Ọkùnrin kan jókòó tì í, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ta lẹ ń wá, mà?"

"Láti Sọ́ọ̀bù Ọmọge ni mo ti wá. Aṣọ wa ni wọ́n ń rán níbí."

"Ọ̀gá kò sọ fún mi pé ẹnì kankan ń bọ̀."

"Èmi ni mo wá ń sọ fún ẹ yẹn. Ṣí i."

Ọkùnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó rí i pé eléyìí kì í ṣe ẹni tó máa yí padà, ó ṣí i.

Ooru ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Wọ́n ti fi pákó kan àwọn fèrèsé pa. Àwọn obìnrin tẹ orí ba nídìí ẹ̀rọ, gáùn olómi aró sì ga gègèrè láàárín wọn. Ohun tó ba Òpéléńgé lẹ́rù jù ni pé kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé kí obìnrin kún yàrá ìránṣọ bẹ́ẹ̀ kí ibẹ̀ sì dákẹ́ lọ lọ lọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, obìnrin kan jókòó sórí àpótí, ó ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ parí etí gáùn. Irun rẹ̀ ti funfun. Apá kan awò ojú rẹ̀ ti kán, òwú ló fi so ó mọ́ etí. Òpéléńgé kò mọ ojú náà. Ṣùgbọ́n obìnrin náà parí kókó, ó gbé òwú sẹ́nu, ó gé e, eyín rẹ̀ sì hàn.

"Ẹ̀gbọ́n Eyínfúnjowó?"

Obìnrin náà gbójú sókè. "Ta nìyí?"

"Èmi ni. Ọmọ ọ̀gá yín. Èyí tó máa ń sùn lẹ́yìn yín."

"Òpéléńgé!" Ó ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Òpéléńgé tèmi! Ta ló wá bù kún ẹ báyìí? A ó wá orúkọ mìíràn fún ẹ o!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin oníkọ́kọ́rọ́ wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Eyínfúnjowó tètè gbé gáùn mìíràn sórí itan, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀.

"Jẹ́ kí n máa rán an bí mo ṣe ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Ilé ńkọ́? Mo gbọ́ nípa ọ̀gá mi. Wọ́n ti sin wọ́n tán kí ìròyìn tó kàn mí. Ojú mi pọ́n fún odidi oṣù."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ yín?"

"Wọ́n ní aṣọ ń sọnù."

"Bí iná bá ṣẹ́ yọ ńkọ́?"

"Àdúrà ni à ń gbà." Ó gún abẹ́rẹ́ wọlé, ó fà á jáde. "Ti iná tilẹ̀ dáa, kò tíì ṣẹlẹ̀. Kí èèyàn fẹ́ lọ yàgbẹ́ kó kọ́kọ́ nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé, pẹ̀lú ewú orí mi yìí, ìyẹn ló máa ń dùn mí."

Òpéléńgé na ọwọ́ sí òkìtì aṣọ náà. Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn gáùn náà. "Ta ló ní kí ẹ máa dá a kọ́ báyìí?"

"Ta ni ì bá ní kí n ṣe é? Wọ́n tiẹ̀ ń bínú pé mo ń pẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í sílẹ̀ gbẹrẹfu, á tú mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lára láàárín ìgboro. Ọwọ́ mi kò gbà."

"Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ká máa lọ síbo? Àwọn tó kù yìí ńkọ́?" Ó wo yàrá náà káàkiri. "Mo mọ ohun tó o fẹ́ ṣe. Wàá fi ìbínú délé, wàá ní kí wọ́n má gbé iṣẹ́ wá síbí mọ́. Wàá sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ilẹ̀ á mọ́, àwa kò ní rí jẹ. Iṣẹ́ kọ́ ló ń pa wá, ọmọ mi. Ilẹ̀kùn yẹn ni."

Ẹ̀gbọ́n Òpéléńgé tó ni sọ́ọ̀bù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán nínú ọ́fíìsì tó wà lẹ́yìn sọ́ọ̀bù. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé tábìlì.

"Mo bi agbaṣẹ́ yẹn léèrè. Ó ní gbogbo nǹkan ń lọ déédéé."

"Ẹ bi í, Àǹtí mi, ẹ ò lọ wò ó."

"Ìwọ náà ò lọ wò ó títí di ìsinsìnyí."

Òótọ́ ni. Òpéléńgé gbé ojú sílẹ̀.

"Àwọn ọmọ iléèwé gíga fẹ́ wọlé," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Gáùn yẹn ni wọ́n ń retí. Bí a bá ní kí agbaṣẹ́ ṣílẹ̀kùn, kó ra fáànù, kó jẹ́ kí wọ́n máa sinmi, á ní kí a fi kún owó òun. Àwa náà á fi kún tiwa, àwọn ọmọge á sì kọjá lọ sí sọ́ọ̀bù kejì. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?"

"Ohun tí mo fẹ́ ni pé kó rí bíi ti yàrá màmá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi imú rẹ́rìn-ín. "Yàrá wo? Ìwọ ń sùn lórí àjákù aṣọ. Èmi ni mò ń ṣa bọ́tìnì nílẹ̀ títí ojú mi fi ń ṣú. Màmá máa ń pariwo mọ́ni. Bí iṣẹ́ bá ti pọ̀, kò sí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ dárúkọ oúnjẹ. Eyínfúnjowó sunkún dáadáa nínú yàrá yẹn. Ìwọ kò lè mọ̀. Ẹni tí wọ́n pọ̀n kì í rí ojú ẹni tó pọ̀n ọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Òpéléńgé lára.

"Mo gbà, Àǹtí mi. Ṣùgbọ́n ṣé màmá tìlẹ̀kùn mọ́ wọn rí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjú sí fèrèsé.

"Rárá," ló wí. "Gbayawu ló máa ń wà. Eruku títì a máa ba aṣọ jẹ́, èmi ni mò ń gbọ̀n ọ́n, síbẹ̀ màmá kò gbà kí a tì í. Ó ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa rí èèyàn." Ó gbé awò ojú rẹ̀ padà sójú. "Máa lọ sílé. Jẹ́ kí n ronú."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, fèrè ọkọ̀ ló pe Òpéléńgé síta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jókòó nídìí ọkọ̀, kò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

"Wọlé, ká lọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bó ṣe ń wa ọkọ̀ lọ. "Orí ẹní kan náà ni èmi àti Eyínfúnjowó máa ń sùn. Ó máa ń sọ fún mi pé bí òun bá ní sọ́ọ̀bù, èmi lòun máa gbà síṣẹ́, kí n máa wọ aṣọ rẹ̀ dúró níwájú kí àwọn èèyàn máa wò mí. Mo sì máa ń sọ fún un pé owó iṣẹ́ mi á wọ́n o." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Gbogbo òru ni à ń dúnàádúrà."

Agbaṣẹ́ ti ń dúró dè wọ́n nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń fọwọ́ pa ọwọ́.

"Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo lè kó gbogbo iṣẹ́ náà kúrò níbí lónìí."

"Ta ló ní kí o kó o kúrò? Ibí náà ni wọ́n á ti máa rán an. Ṣí ilẹ̀kùn, ṣí fèrèsé, kí wọ́n sì máa jáde nígbà tó bá wù wọ́n. Ohun tó bá ná ẹ, wá bá mi jókòó, a ó jọ gbé e."

"Aṣọ á máa sọnù, mà."

"Ṣé ìyẹn á dùn mí ju kí èèyàn sọnù lọ?"

"Gáùn yìí kò ní lè pé kí iléèwé tó wọlé o. Ẹ ó pàdánù ọjà."

Ẹ̀gbọ́n Òpéléńgé mí kanlẹ̀. Àwọn aṣọ náà ti wà lójú rẹ̀ láti ìgbà òjò, òun àti àbúrò rẹ̀ ti jọ fẹnu kò lórí àwọ̀ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. "A ó pàdánù rẹ̀," ló wí. Ó sì gòkè.

Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, Eyínfúnjowó dìde lórí àpótí rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ obìnrin tó wọlé.

"Ìyá Kékeré," ló pè é. Orúkọ tí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fún un láyé ọjọ́sí nìyẹn, nítorí pé ó máa ń pàṣẹ bíi màmá.

Ẹ̀gbọ́n Òpéléńgé, tí gbogbo sọ́ọ̀bù ń bẹ̀rù, rìn lọ bá a, ó gbé orí lé e léjìká. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ síra wọn.

Wọ́n tú pákó kúrò lójú fèrèsé. Ọkùnrin oníkọ́kọ́rọ́ fi àga rẹ̀ dá ilẹ̀kùn dúró kó má baà padé. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí obìnrin tó jáde. Wọ́n ń wo ilẹ̀kùn náà bí ẹni pé ó lè bù wọ́n jẹ. Ìgbà tó yá, ẹnì kan dìde, ó lọ, ó padà wá. Òmíràn dìde. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan tilẹ̀ ti ń ṣe yẹ̀yẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Òpéléńgé fẹ́ padà sí sọ́ọ̀bù. "Ṣé ò ń bọ̀?"

"Ẹ máa lọ, Àǹtí mi. Ibí ni mo ti máa ṣiṣẹ́ lónìí. Lọ́la náà."

Ó fa àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ Eyínfúnjowó, ó gbé gáùn kan sórí itan, ó sì ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó pẹ́ tó ti dá òwú kọ́ gbẹ̀yìn. Nígbà tó parí, ó nà án sí i. Eyínfúnjowó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó tún apá awò ojú rẹ̀ olówùú ṣe.

"Ta ló rán eléyìí?"

"Èmi ni, mà."

"Mo rí i pé ìwọ ni. Tú u."

Òpéléńgé gbà á padà, ó wá orí òwú náà kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.